Lékeléke Ti Dé: Àwọn Ẹyẹ Ìgbà Ọyẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu Wa



Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Iba, mo ń mu ògì. Ọmọọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, sáré wọlé láti ojú títì: “Bàbá àgbà, ẹ wá wo adìẹ funfun tó ń tẹ̀ lé màlúù!” Ẹ̀rín pa mí. Lékeléke ló rí. Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán ni ọ̀rọ̀ náà wá ń dùn mí. Ọmọ kan náà yìí lè ka àdúrà tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé, èyí tó so agbe mọ́ aró, àlùkò mọ́ osùn, lékeléke mọ́ ẹfun. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ ni kò mọ ẹyẹ.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ yín pé ọ̀rọ̀ ní ìró, ó sì ní ìtumọ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un lónìí kò ju pé àwọn baba wa wo nǹkan dáadáa kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Tí àwa ò bá wò ó mọ́, ìtumọ̀ á máa jò lọ, ìró nìkan ni yóò kù.

Àsìkò tó dára láti wò ó la wà yìí. Ní Yúróòpù, tí òtútù bá dé, àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ a wọ kóòtù lọ sí etí òkun, wọ́n á máa wo àwọn ẹyẹ tó sá kúrò níbi tí òtútù ti le jù. Àwa ò ní yìnyín, ọyẹ́ la ní, àwọn àlejò tiwa sì ń bá a dé. Ẹni tó ń gbé láàárín Ojo, Iba àti Okokomaiko ò nílò kóòtù kankan. Kó ṣáà gbójú sókè.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí lékeléke. Nígbà òjò, ọ̀pọ̀ wọn máa ń lọ sí Òkè Ọya lọ pamọ, torí kòkòrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ lásìkò náà. Tí ilẹ̀ ibẹ̀ bá gbẹ, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ wá bá wa. Ẹ ó rí wọn lẹ́bàá màlúù létí títì Badagry. Kì í ṣe màlúù ni wọ́n ń wá, tata tí ẹsẹ̀ màlúù ń lé sókè ni wọ́n ń ṣa jẹ. Ẹ wá gbọ́ eléyìí: tí lékeléke bá fẹ́ yé ẹyin, ìyẹ́ orí, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń pọ́n bí ọsàn. Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń yé ẹyin sì jìnnà sí wa. Funfun báláú tí a mọ̀ mọ́ ọn yẹn, aṣọ ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ ni. Ẹni tó fi lékeléke wé ẹfun ti fojú ara rẹ̀ rí i nígbà tó wà lọ́dọ̀ wa.

Àwòdì náà ń sọ̀kalẹ̀ wá ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ a padà sókè. Mo máa ń rí i lókè ọjà Alaba, tí á máa yí po láìju apá. Gbogbo wa la mọ òwe àwòdì tó ń re Ìbarà, tí ẹ̀fúùfù ta á nídìí, tó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ẹ̀fúùfù ọyẹ́, láti apá aṣálẹ̀ ló ti ń fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa, ọ̀nà kan náà tí àwòdì ń gbà bọ̀. Mi ò sọ pé ìrìn àjò yìí ni ẹni tó pa òwe náà ń rò. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ti wo bí àwòdì ṣe ń jẹ́ kí atẹ́gùn gbé òun.

Èyí tó rìn jìnnà jù ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Àwọn kan ń bá wa gbé láti ọdún dé ọdún, àwọn mìíràn sì ń ti Yúróòpù wá. Orúkọ kan náà là ń pè wọ́n. Èyí tó ti Yúróòpù wá wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 20 péré, síbẹ̀ ó ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ní Ebbaken, nítòsí Boje ní ìpínlẹ̀ Cross River, wọ́n máa ń sùn pọ̀ nínú koríko gíga lórí òkè, iye wọn sì lè ju mílíọ̀nù kan lọ. Òyìnbó ní ẹyẹ tiwọn ni. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wa ló ti ń lo nǹkan bí ìdajì ọdún. Ta ló wá gbà á lálejò?

Ẹyẹ tí mi ò rí mọ́ ni igún. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ibi ìpẹran tí kì í sí igún lórí òrùlé rẹ̀. Láti ọdún 2015 ni àjọ IUCN ti kọ irú igún tí a mọ̀ jù sínú àwọn tí ewu ìparun wọn ga jù lọ. Májèlé ń pa wọ́n, àwọn èèyàn sì ń pa wọ́n tà fún oògùn. Òwe tó dárúkọ igún ṣì pọ̀ lẹ́nu wa, ẹyẹ náà ló ti lọ.

Irà kan wà lẹ́yìn ilé wa tí lékeléke ti máa ń jẹun. Láti oṣù tó kọjá ni típà ti ń da iyanrìn sí i. Mi ò lè bá ẹni tó rà á jà, torí ilẹ̀ irà ni èmi náà kọ́ ilé tèmi lé.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn kan náà, mo mú ọmọ yẹn lọ sí etí omi Ojo nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Lékeléke ń kọjá lọ sùn, wọ́n tò tẹ̀ léra. Ó ka 43 kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní, “Ṣé àwọn tó wà nínú àdúrà yẹn nìyí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Agbe ńkọ́?” Orí fóònù ni mo ti fi agbe hàn án, torí mi ò tíì rí ọ̀kan rí ní àdúgbò wa yìí.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín nìyí: ẹ wo ẹyẹ kan lọ́sẹ̀ yìí, ẹ béèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é nílùú yín lọ́wọ́ àgbà kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i. Tí ọmọ kan bá wà nítòsí, ẹ mú un dání lọ.