Yunifásítì Ọyẹ́-Èkìtì: owó rẹ̀ kò pọ̀, ọjọ́ orí ọmọ ló ń gbà

Bí ọmọ bá ṣe dáadáa nínú ìdánwò JAMB, tí àwọn òbí rẹ̀ kò sì ní owó yunifásítì aládàáni, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ni ojú wọn máa ń lọ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìkọ́ni lọ́wọ́ ẹni tó ń kàwé gboyè àkọ́kọ́. Owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìlera àti àwọn owó kéékèèké mìíràn ni wọ́n ń gbà. Lóòótọ́, àwọn owó kéékèèké náà ti ń dàgbà, nítorí ní 2023, ọ̀pọ̀ nínú àwọn yunifásítì wọ̀nyí ló fi kún un. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti yọjú sí ọ̀dọ̀ àwọn aládàáni yóò mọ̀ pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́.

Èyí tó wà ní Ọyẹ́-Èkìtì jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án tí ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan dá sílẹ̀ lọ́dún 2011. Ọyẹ́ ni olú ilé-ẹ̀kọ́ náà wà, ṣùgbọ́n Ìkọ̀lé-Èkìtì ni àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ń lọ. Ibùgbé inú ọgbà kò tó gbogbo ọmọ, nítorí náà àwọn onílé ìgboro ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sílé. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń jáde. Owó ilé ọdún kan lè ju gbogbo ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ gbà lọ. Ọmọ méjì tàbí mẹ́ta á wá para pọ̀ nínú yàrá kan, wọ́n á jọ da owó gáàsì, wọ́n á jọ se ìrẹsì. Bí oṣù bá ń parí lọ, gàrí ni gbogbo wọn ń wò lójú. Ìlú oníyán nìyẹn o, ṣùgbọ́n iyán kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́ fún ọmọ tó ń ṣọ́ owó.

Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe eré. Ẹni tó bá pa kíláàsì jẹ jù kò ní jókòó ṣe ìdánwò, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ kan yóò gbé e dé ọdún tó ń bọ̀, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè é ní káríóófà. Ìwé òru ni ọ̀pọ̀ fi ń bá a yí, bí iná bá wà. Ọ̀rọ̀ iná yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà ní Ọyẹ́: ní oṣù Kẹsàn-án 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta láti fẹ̀hónú hàn lórí àìsí iná mànàmáná, ẹ̀mí sì ṣòfò nínú wàhálà náà.

Ohun tó wọ́n jù ni ọdún. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ tó wọlé lọ́dún 2019 fún iṣẹ́ ọdún mẹ́rin. Lọ́dún 2020, ẹgbẹ́ ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kejìlá, àìsàn kòrónà sì tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì 2022, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ó di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó padà. Oṣù mẹ́tàdínlógún rèé, láàárín ọdún mẹ́ta. Àwọn olùkọ́ ní ẹjọ́ tiwọn lórí owó oṣù àti àdéhùn 2009 tí ìjọba kò mú ṣẹ, ẹjọ́ náà kò sì ṣòfò. Ọmọ ló ń san gbèsè rẹ̀.

Ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó gboyè kò lè ṣe àgùnbánirọ̀ mọ́. Ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n á fún un. Òfin gba ìwé náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń gba ọ̀dọ́ ti fi òté lé ọjọ́ orí. Ọmọ tó ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọlé kò ní oṣù mẹ́tàdínlógún láti fi ṣòfò.

Láti 2024 ni àjọ NELFUND ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìsí èlé. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí ọwọ́ yunifásítì, ọmọ sì lè gba 20,000 náírà lóṣù fún ìtọ́jú ara rẹ̀. Kò ní í bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà títí di ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Èyí ti mú kí ọmọ tálákà lè forúkọ sílẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Owó ilé onílé ní Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé ṣì wà lọ́rùn ẹni tó bí i, bí ìyanṣẹ́lódì bá sì tún dé, onílé kò ní yọ oṣù tí wọ́n fi ti ilé-ẹ̀kọ́ kúrò nínú owó rẹ̀.