Ọwọ́ kan kò gbé agbọ̀n dórí: àìsàn àti iṣẹ́ ọnà Yínká Ṣóníbárẹ́

Ní ọjà Farin Gada, nílùú Jos, kò sẹ́ni tó ń dá agbọ̀n tòmátì gbé. Ẹni méjì á gbá a mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á gbé e ka alábàárù lórí, ó di ìdí ọkọ̀. Ọlọ́jà lè má fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ òun ló ń ṣètò gbogbo rẹ̀. Bí ayàwòrán Yínká Ṣóníbárẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1962, Èkó ló ti dàgbà. Ó ti padà sí Ìlú Ọba nígbà tí àìsàn transverse myelitis kì í mọ́lẹ̀ lọ́mọ ọdún 18.

Kí ni àìsàn yìí?

Okùn iṣan kan wà nínú egungun ẹ̀yìn wa tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bó bá wú, iṣẹ́ náà kò ní dé ibi tí ọpọlọ rán an. Nígbà mìíràn, àwọn ohun tó ń gbèjà ara wa ló ń ṣèèṣì kọlu okùn náà lẹ́yìn àìsàn mìíràn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, a kì í mọ ohun tó fà á. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó bá ṣe ló ń gbádùn dáadáa. Ní ti Ṣóníbárẹ́, apá kan ara rẹ̀ rọ, kò sì bọ̀ sípò mọ́.

Báwo ló ṣe wá ń ṣiṣẹ́?

Agbára rẹ̀ kò gbé àwòrán gàgàrà. Nítorí náà, nínú Double Dutch tó ṣe lọ́dún 1994, ó gé iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́. Ó na aṣọ ańkárá mọ́ férémù kéékèèké, ó kùn wọ́n lọ́dà, ó sì tò wọ́n sára ògiri aláwọ̀ píńkì, bí àwòrán ṣe ń tẹ̀ léra nínú ìwé kọ́míìkì. Ọjà Brixton ló ti ń ra ańkárá náà, aṣọ tí àwọn ará Holland wo ti Indonéṣíà ṣe, kó tó di tiwa.

Èyí tó bá ju agbára rẹ̀ lọ, òun á ronú rẹ̀, àwọn mìíràn á rán an, wọ́n á kàn án. Báyìí ni ọkọ̀ ojú omi inú ìgò rẹ̀, tí ìgbòkun rẹ̀ jẹ́ 37, ṣe dé gbàgede Trafalgar ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2010. Òun náà sì ń bá àwọn mìíràn gbé agbọ̀n tiwọn: lọ́dún 2022, ó ṣí ilé kan l'Ékòó àti oko kan ní Ìjẹ̀bú, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń wá gbé, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́.

Ṣé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ni, nígbà tí ẹlòmíràn bá a rán an? Ní Farin Gada, kò sẹ́ni tó ń bi ọlọ́jà pé kí ló dé tí kò dá agbọ̀n rẹ̀ gbé.