Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Kọjú sí Ìmọ́lẹ̀

Níbi ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún ìyá wa, fọ́tò tí a fi fóònù yà kò níye. Ẹ̀yìn ìyá ni fèrèsé wà. Gèlè wọn yọ dáadáa, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣókùnkùn. Ìyá ti sùn nínú Olúwa báyìí. Àwọn fọ́tò yẹn ló kù fún wa.

Fóònù kò jẹ̀bi. Bí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ bá ń ti ẹ̀yìn ènìyàn wá, ńṣe ni fóònù máa ń dín gbogbo ìmọ́lẹ̀ kù, ojú á sì ṣú, pàápàá ojú àwa aláwọ̀ dúdú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjú sí fèrèsé. Bí kò bá ṣeé ṣe (àgbà kì í sáà ṣe àga tí à ń gbé kiri), ẹ fi ìka tẹ ojú wọn lórí fóònù. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àmì oòrùn kan á yọ, ẹ rọra fà á sókè. Ẹ kọ́kọ́ nu ojú kámẹ́rà o, ọ̀rá ọwọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn níbi àsè.

WhatsApp máa ń dín fọ́tò kù kí ó tó gbé e lọ. Ẹ yan HD, tí wọ́n fi kún un ní 2023, kí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun lè rí ojú ìyá wọn kedere.