Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Àgbéyẹ̀wò Ètò Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ ní Agbègbè Alímọ̀ṣọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó ti Ìdímù wá kì í gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ti Ìgándò wá, síbẹ̀ àwọn méjèèjì a pàdé ní ọjà Ìkòtún, olúkúlùkù a sì ra ohun tí ó bá wá rà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn ẹ̀kọ́ ọmọ, ó jọ bí ẹni pé òwe yìí ti di ìgbàgbé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ òbí mọ̀: ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìdánwò JAMB, Yunifásítì. Ọmọ tí ó bá yà kúrò lójú ọ̀nà yìí, wọn a ní ó ti sọnù.

Alímọ̀ṣọ́ ni ó yẹ kí a ti gbé ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ náà, kò sì sí èyí tí ó pọ̀ tó o nínú ogún tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tí ó bá ti Ẹ̀gbẹ́dá rìn dé Ìkòtún yóò rí télọ̀, wẹ́dà, mẹkáníìkì, gbẹ́nàgbẹ́nà, onídìrí àti àwọn tí ń tún fóònù ṣe, olúkúlùkù pẹ̀lú ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀. Ní àárín wọn kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ JAMB àdáni wà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ti ń múra fún ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ọ̀nà méjì ni ó wà ní àdúgbò kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Kí òyìnbó tó dé, iṣẹ́ ni ẹ̀kọ́ Yorùbá, ìwà ni ẹ̀kọ́ Yorùbá. Ọmọ àgbẹ̀dẹ a máa fín ẹwìrì kí ó tó gba òòlù. Ọmọ Àyàn a máa fi ìlù kéékèèké bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ìyáàlù lé e léjìká. Ẹni tí ó ń kọ́ Ifá a máa lo ọdún púpọ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó lè dá a fún ẹlòmíràn. Ètò náà ní àléébù tirẹ̀, nítorí pé ìdílé ni ó ń yan iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rò pé ìwọ̀n kan náà ni a lè fi wọn gbogbo ọmọ.

Àwọn ìjọ ajíhìnrere ni wọ́n mú ẹ̀kọ́ ìwé wọ ilẹ̀ yìí. Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní ọdún 1843, nígbà tí ó sì di ọdún 1859, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ girama ti CMS sílẹ̀ ní Èkó. Èdè Látìnì àti ti Gíríìkì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn òyìnbó wọ̀nyí kò mọ iyì iṣẹ́ ọwọ́: ní Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún náà gan-an, wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ibẹ̀ ni Ìwé Ìròyìn ti jáde ní ọdún 1859. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ni ìjọba àti àwọn oníṣòwò ń wá, akọ̀wé ni wọ́n sì ń sanwó fún dáadáa. Bí owó bá ti yà sí ibì kan, ibẹ̀ ni ojú òbí yóò yà sí.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 456,600 ní ọdún 1954, wọ́n sì di 811,432 ní ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ náà, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ọmọ náà yóò lọ lẹ́yìn ìwé mẹ́fà di ìṣòro. Fún àwọn tí kò rí àyè ní girama, ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ Mọ́dàn ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo Mọ́dàn gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí ó kùnà sí, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kò sì níyì mọ́ lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti kógbá wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó fi sílẹ̀ kò gbọdọ̀ di ohun ìgbàgbé.

Àwọn tí ń ṣètò ẹ̀kọ́ rí àbùkù yìí. Ìgbìmọ̀ tí Sir Eric Ashby jẹ́ alága rẹ̀ sọ ní ọdún 1960 pé ẹ̀kọ́ Nàìjíríà gbára lé ìwé jù, pé ó yẹ kí iṣẹ́ ọwọ́ wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìlànà ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè jáde ní ọdún 1977, tí ètò 6-3-3-4 sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982. Ọ̀nà mẹ́rin ni ìlànà náà là sílẹ̀ fún ọmọ tí ó bá parí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama: girama àgbà, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ibùdó ìkọ́ṣẹ́, àti ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i lẹ́yìn náà tilẹ̀ dárúkọ ìdá tí ó yẹ kí ó gba ọ̀nà kọ̀ọ̀kan: 60, 20, 10 àti 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí ìwé ni ìpín yìí wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n rà láti òkè òkun fún ètò náà kò kúrò nínú àpótí, nítorí pé kò sí ilé-iṣẹ́ tí wọn yóò gbé e sí, kò sí iná, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò.

Ìyọrísí rẹ̀ hàn gbangba. Ní ọdún 2024, àwọn 1,989,668 ni wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń rí àyè wọlé lọ́dọọdún kò tó ìdajì àwọn tí ń ṣe é. Àní, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe Yunifásítì pàápàá ti ń di Yunifásítì: ní ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe tí ó wà ní Ìkòròdú di Yunifásítì.

Ìwà òmùgọ̀ kọ́ ni àwọn òbí ń hù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó ní ìwé-ẹ̀rí HND kò lè kọjá ipò kẹrìnlá nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní Yunifásítì lè dé ìkẹtàdínlógún. Ohun tí òbí bá rí ni ó ń tẹ̀ lé. Bákan náà, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò dá: bí ó bá jẹ́ ọmọ mẹ̀kúnnù nìkan ni wọ́n ń sọ fún pé kí ó lọ kọ́ṣẹ́, tí ọmọ ọlọ́rọ̀ ń lọ sí Yunifásítì, ìrẹ́jẹ ni.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jìyà irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn òfin ọdún 1944, ìdánwò tí ọmọ ọdún mọ́kànlá ṣe ni ó ń pín in sí girama tàbí ibòmíràn, ọ̀pọ̀ tí kò wọ girama sì dàgbà pẹ̀lú èrò pé olódo ni wọ́n. Ní ọdún 1965, ìjọba ibẹ̀ ní kí wọ́n yí ètò náà padà. Ní Jámánì ẹ̀wẹ̀, òfin ọdún 1969 so ilé-iṣẹ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀: ọmọ-iṣẹ́ a lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá tí ń sanwó fún un, a sì lo ìyókù ní kíláàsì. Ìwé-ẹ̀rí tí ó gbà níyì jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ìyàtọ̀ àárín ìlú méjèèjì ni pé ọ̀kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ, èkejì so ọ̀nà pọ̀ mọ́ ọ̀nà.

Ohun tí a lè fi ṣe irú èyí kò jìnnà sí Alímọ̀ṣọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ìjọba wà ní Ìkòtún gan-an. Ìdánwò NABTEB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, ni irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sì lè gbé ọmọ dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga bí ó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú. Àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ náà ní ètò tiwọn: òbí a mú ọmọ wá, wọn a fọwọ́ sí àdéhùn lójú ẹlẹ́rìí, lẹ́yìn ọdún mélòó kan ọmọ a ṣe fúríídọ̀mù. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé ìwé fúríídọ̀mù kò jẹ́ nǹkan kan lójú ilé-ẹ̀kọ́, ìwé-ẹ̀rí girama kò sì jẹ́ nǹkan kan lójú ọ̀gá. Wẹ́dà nílò ìmọ̀ ìṣirò kí igun ìlẹ̀kùn tó ṣe rẹ́gí; mẹkáníìkì òde òní nílò kọ̀ǹpútà kí ó tó mọ ohun tí ń ṣe ọkọ̀; télọ̀ nílò àkọsílẹ̀ owó kí ó tó mọ èrè. Akẹ́kọ̀ọ́ girama náà nílò ọwọ́ tí ó mọ nǹkan kan ṣe.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó ṣe kókó. Èkíní, kí gbogbo ọmọ mọ̀wé kọ, mọ̀wé kà, mọ ìṣirò, kí wọ́n tó yà sí ọ̀nàkọ́nà. Èkejì, kí ẹ̀bùn àti ìfẹ́ ọmọ jẹ́ atọ́nà, kì í ṣe àpò bàbá rẹ̀ tàbí ìdánwò ọjọ́ kan. Ẹ̀kẹta, kí ilẹ̀kùn má ṣe tì lẹ́yìn ẹni tí ó yà, kí ọmọ-iṣẹ́ lè padà wá kàwé, kí akàwé lè lọ kọ́ṣẹ́, láìsí ìtìjú.

Àwọn olùkọ́ ni iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ kàn, nítorí pé ẹnu wọn ni ọmọ ti ń gbọ́ pé òun já fáfá tàbí pé òun kò lè ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìlú tí ó ní dókítà púpọ̀ tí kò ní ẹni tí yóò fa iná wọ ilé ìwòsàn, inú òkùnkùn ni yóò ti máa ṣe ìtọ́jú aláìsàn.