Ọjọ́ Abẹ́rẹ́ Ọmọ: Ta Ló Ń Béèrè Àlàáfíà Ìyá?

Ní Gouka, bíi ní gbogbo agbègbè Savalou àti Bantè ní orílẹ̀-èdè Benin, ìyá ọmọ máa ń gbọ́ "ẹ kú ewu" títí etí rẹ̀ á fi kún. Lẹ́yìn náà ni ètò abẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14. Wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Obìnrin tó pọ̀n ọ́n wá lè lọ kó bọ̀ láìsí ẹni tó bi í bóyá ó ń sùn.

Àwọn kan kì í sùn rárá. Ọmọ ti sùn fọnfọn, ìyá ṣì ń fọwọ́ kàn án láyà léraléra kó lè mọ̀ bóyá ó ń mí. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì, oúnjẹ kò wù ú. Òmíràn á ṣàdédé rí i lọ́kàn pé ọmọ já bọ́ sínú iná, ẹ̀rù ara rẹ̀ á wá máa bà á. Kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má bàa pè é ní wèrè tàbí àjẹ́. Bẹ́ẹ̀ irú èrò òjijì yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn abiyamọ. Bó ṣe ń bà á lẹ́rù tó yẹn, ìfẹ́ ọmọ ló fà á.

Ẹkún àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọjọ́ àkọ́kọ́ sábà máa ń lọ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ tó ń dí oorun àti oúnjẹ lọ́wọ́, àìsàn ni, kì í ṣe àìmoore. Lẹ́yìn ìbímọ, àwọn họ́mónù tó pọ̀ nígbà oyún máa ń lọ sílẹ̀ lójijì. Ẹ fi àìsùn kún un, ìrọbí tó le, ọmọ tó ti kú rí, àìlówó. Àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí àrùn ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) náà lè mú kí àyà máa lù, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n yẹ ara ìyá wò.

Lọ́dún 2012, olùwádìí Jane Fisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkójọ ìwádìí láti àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́: nínú ìyá márùn-ún tó bímọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan ní irú àìsàn ọkàn yìí. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ ní 2022 pé kí wọ́n máa yẹ ìyá wò fún àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn ìbímọ. Irinṣẹ́ àyẹ̀wò náà kò wọ́n: ìbéèrè mẹ́wàá tí John Cox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1987. Ó wà ní Faransé, nọ́ọ̀sì sì lè fi èdè ilé bi ìyá ní ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan á ní dókítà ọpọlọ dà? Ìbàdàn ní Nàìjíríà ti dáhùn. Olùwádìí Oye Gureje àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí lórí aláboyún 686 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá jà, ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ ló tọ́jú wọn. Èsì tó jáde ní 2019 fi hàn pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì nìyẹn, àmọ́ òun àti àníyàn sábà máa ń rìn pọ̀. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé agbẹ̀bí Gouka náà lè ṣe é, bí wọ́n bá kọ́ ọ.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lóru kó lè sùn wákàtí mẹ́rin gbáko. Ọkọ, jókòó tì í kó sọ tẹnu rẹ̀, má sọ pé ìyá tìrẹ bí mẹ́jọ láìwí nǹkan kan. Bí dókítà bá ní kó lo oògùn, àwọn kan wà tí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lè lò. Ṣùgbọ́n bó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bára mu, tàbí tó ní òun fẹ́ kú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnikẹ́ni má sì fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀.