Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Fi Ọwọ́ Dà Á Kọ



Lọ́jọ́ kan, mo mú lẹ́tà tí bàbá mi kọ sí mi láti ilé jáde, mo ní kí ọmọ mi obìnrin kà á. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Dádì, mi ò lè ka ọwọ́ Gránpà." Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa o! Ìkọ̀wé àwọn àgbà, tí lẹ́tà ń so mọ́ra wọn, ni kò yé e. Ó dùn mí gan-an.

Ọ̀rọ̀ náà rán mi létí oníṣẹ́ ọnà kan ní Ṣáínà, Qiu Zhijie. Láàárín 1990 sí 1995, ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà da ìwé kan ṣoṣo kọ ní ìgbà 1,000, orí bébà kan náà ló sì ń kọ ọ́ sí. Ọ̀rọ̀ gun orí ọ̀rọ̀ títí bébà fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ ó ní, kí ló rí jẹ níbẹ̀?

Wang Xizhi ló kọ ìwé náà ní ọdún 353, níbi tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń mutí, tí wọ́n ń kéwì létí odò. Ìtàn sọ pé Ọba Taizong, tó kú ní 649, fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n sin ìwé náà mọ́ ọn. Ojúlówó ti lọ. Àwọn tó fi ọwọ́ dà á kọ ni kò jẹ́ kó parun.

Èmi oníṣirò owó, ó yé mi. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọwọ́ la fi ń da owó kọ láti inú ìwé kan sí òmíràn. Ojú lè fo nǹkan, ọwọ́ ò lè fò ó. Ẹni tó bá ń da ìwé ẹlòmíràn kọ á mọ ibi tó ti kánjú àti ibi tó ti rọra. Kò sí ohun tí a lè kà lórí bébà Qiu mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Ni mo bá fún ọmọ mi ní bébà àti bírò. Ìlà kan lálaalẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó kígbe, "Dádì, orúkọ mi rèé!" Bẹ́ẹ̀ ni. Inú lẹ́tà yẹn ni bàbá mi ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tí a bí i. Wọn ò fojú kan ara wọn kí bàbá tó lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú àpótí yín wò. Kí ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì lẹ́tà àwọn àgbà kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ dà á kọ pẹ̀lú, nígbà tí ẹni tó lè kà á fún wọn ṣì wà nílé.