Láti Ìdí Ẹ̀rọ Dé Ipò Alákòóso: Ẹ̀kọ́ Ìṣàkóso fún Òṣìṣẹ́ Onímọ̀-Ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

1. Ìfáárà

Nínú iṣẹ́ yìí, ohun tí ó jẹ wá lógún ni ẹ̀kọ́ tí yunifásítì ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ onímọ̀-ẹ̀rọ kí wọ́n lè di alákòóso. Ẹni tí ó bá mọ ẹ̀rọ tún ṣe ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni a sábà máa ń fi ṣe olórí. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni kí ó mọ bí a ti ń darí àwọn tí ń ṣe é. Bí ẹ̀kọ́ kò bá dí àlàfo yìí, a ó pàdánù oníṣẹ́ gidi, a kò sì ní rí alákòóso gidi dípò rẹ̀. Èrò wa ni pé ẹ̀kọ́ náà kò lè so èso àfi bí a bá gbé e ka orí iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe bọ̀.

2. Ìpìlẹ̀ èrò

Henri Fayol, ẹnjiníà ìwakùsà ní ilẹ̀ Faransé, tí ó di olùdarí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní 1888, tẹnu mọ́ ọn ní 1916 pé ó yẹ kí a máa kọ́ ìṣàkóso ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1955, Robert Katz pín ìmọ̀ alákòóso sí mẹ́ta: ìmọ̀ iṣẹ́ gan-an, ìmọ̀ ìbáni-lò, àti ìmọ̀ rírí ilé-iṣẹ́ ní odidi. Ó ní bí ènìyàn ti ń gòkè ni àìní rẹ̀ fún ti àkọ́kọ́ ń dín kù, tí ti ìkẹta sì ń pọ̀ sí i.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Nínú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní Oǹdó, ọmọ-iṣẹ́ kì í kọ́ títú ẹ́ńjìnì nìkan. Ó ń wo bí ọ̀gá ti ń dá oníbàárà lóhùn, bí ó ti ń ṣọ́ owó ná, àti bí ó ti ń parí ìjà, títí di ọjọ́ tí yóò gba fírídọ́ọ̀mù. Ilé-ìwé ni ó ya ìmọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ilé-ìwé ni yóò tún so wọ́n pọ̀.

3. Ọ̀nà tí ó wà nílẹ̀

Ní Àkúrẹ́, Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1981, ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ fún ìṣàkóso iṣẹ́ àkànṣe, ìṣàkóso ìrìnnà, àti ìdásílẹ̀ òwò. Ní Oǹdó, ilé-ẹ̀kọ́ Adéyẹmí, tí ó ti di yunifásítì báyìí, ń kọ́ àwọn olùkọ́ iṣẹ́-ọwọ́, tí àwọn mìíràn nínú wọn yóò di ọ̀gá ilé-ìwé lọ́la.

Ìṣòro kan wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó ní HND ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba ní ìpele 7, ẹni tí ó ní dìgírì ní ìpele 8. Ẹni àkọ́kọ́ kì í sì í kọjá ìpele 14 àfi bí ó bá lọ gba ìwé-ẹ̀rí mìíràn, bíi PGD. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ń wá ìwé-ẹ̀rí, wọn kò wá ìmọ̀.

4. Àpẹẹrẹ kan

Ká ní a fi olùkọ́ iṣẹ́-ọwọ́ kan ní Oǹdó ṣe olórí kíkọ́ yàrá ìkàwé méjì. Ìpìlẹ̀ yóò gba ọjọ́ 8; mímọ búlọ́ọ̀kù títí tí yóò fi le, ọjọ́ 12; kíkàn igi òrùlé, ọjọ́ 9. A lè bẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan náà. Títo ògiri, ọjọ́ 10, gbọ́dọ̀ dúró de ìpìlẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù. Gbígbé òrùlé ka ilé, ọjọ́ 5, ni yóò kẹ́yìn.

Ọ̀nà tí ó gùn jù ni 12 + 10 + 5, èyí tí í ṣe ọjọ́ 27. Ìpìlẹ̀ lè fi ọjọ́ 4 pẹ́, igi òrùlé lè fi ọjọ́ 13 pẹ́, láìba ohunkóhun jẹ́. Bí owó bá wà láti gba òṣìṣẹ́ kún un ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdí búlọ́ọ̀kù ni kí wọ́n lọ. Bíríkìlà àgbà tí ó fẹ́ràn ìpìlẹ̀ lè kó wọn síbẹ̀, kí ilé má sì yá ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Irú ìṣirò yìí, tí ilé-iṣẹ́ du Pont ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní nǹkan bí 1957, kò ju agbára bíríkìlà lọ; ẹni tí yóò fi hàn án ni kò rí.

5. Àgbálọgbábọ̀

Àbá wa ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa mú ìṣòro ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá sí kíláàsì, kí a sì fi ojútùú rẹ̀ ṣe apá kan ìdánwò. ITF bẹ̀rẹ̀ sí í rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi iṣẹ́ láti 1973; ó yẹ kí ibi iṣẹ́ náà wá sí ilé-ìwé. Láìsí èyí, ìwé-ẹ̀rí yóò máa gbé ènìyàn dé orí àga, ṣùgbọ́n kò ní kọ́ ọ bí a ti ń jókòó lé e.